Tíṣà Láníyì àti Erùpẹ̀ Inú Agolo

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ara mi ṣì fúyẹ́ débi pé bàbá mi lè fi okùn sọ̀ mí kalẹ̀ sínú kànga bí ẹni ń sọ garawa, mo ti mọ inú ilẹ̀ Ẹ̀rúwà ju bí àwọn mìíràn ṣe mọ inú yàrá wọn lọ. N kò fọ́nnu. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ jẹ láfún dàgbà ní Ìbàràpá, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni mo ń sọ. Ẹ bèèrè ní Láńlátẹ̀, ẹ bèèrè ní Ìdèrè, kí ẹ rìn dé Igangan pàápàá: kànga tí bàbá mi bá gbẹ́, omi kì í tán nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Bàbá Àlàó ni gbogbo ayé ń pè é, èmi sì ni Àlàó náà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, kíláàsì kẹrin ni mo ti jáde, ṣùgbọ́n orí mi pé, ọwọ́ mi sì mọ̀wé kọ, bí ẹ ti ń rí i yìí. Bí ẹ bá rí ìbínú nínú ohun tí mo ń kọ, ẹ fara dà á. Ó ti pẹ́ tí ó ti wà níkùn mi.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ nígbà náà, omi ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá ní kànga nílé, odò ni, omi odò náà a sì máa dà bí ògì tí wọ́n fi omi púpọ̀ pò. Ẹ rántí sòbìyà? Ẹ rántí bí ẹsẹ̀ géńdé ọkùnrin ṣe ń wú, tí aran funfun á máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á máa fi igi kékeré ká a, tí ẹni náà kò sì ní lè dé oko lásìkò tí ẹ̀gúsí ń rà sílẹ̀ lóko? Nílé tiwa, kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Kànga wa jìn, ó ní ìdérí, bàbá mi kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ tó ní ẹrẹ̀ dúró létí rẹ̀. Ìyá mi ń jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò wá pọn, wọn á ní omi wa dùn bí ẹni pé a fi oyin sí i. Kì í ṣe oyin. Ibi tí a gbẹ́ ẹ sí ni.

Lẹ́yìn omi, láfún ló kàn. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé ìwé wa, òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, orí rẹ̀ ni gbogbo obìnrin àdúgbò ń sá láfún sí. Bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ bá ti rọ̀, wọn á fún omi rẹ̀ dànù, wọn á rún un, wọn á wá tẹ́ ẹ sórí àpáta, ẹ ó máa rí i láti òkèèrè, á funfun gbòò bí aṣọ tí wọ́n sá. Òórùn rẹ̀ ńkọ́! Àlejò á di imú, ṣùgbọ́n èmi, bí òórùn yẹn bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lónìí, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí lójú ẹsẹ̀. Àwa ọmọdé ni à ń ṣọ́ ọ kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. A ó jókòó síbi tí ibòji wà, a ó máa ta òkòtó nínú kòtò pẹlẹbẹ tí òjò ti gbẹ́ sára àpáta láti ọdún gbọọrọ, a ó gbàgbé ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kì í gbàgbé láfún. Ìyá mi á dé lójijì, á fi ọwọ́ tí láfún ṣì wà lára rẹ̀ fọ́ mi létí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á sì funfun títí dalẹ́, kí gbogbo ẹni tó bá rí mi lè mọ̀ pé mo ti jẹ ìyà. Bí a bá lé ewúrẹ́ tán, a ó gun òkè àpáta, a ó jókòó lé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó yọ́ gẹ̀rẹ̀rẹ̀ wá sílẹ̀. Ìdí ṣòkòtò ilé ìwé mi lu. Bàbá mi fi ẹgba wò ó bóyá ìdí tèmi náà lu.

Ọdún tí mo wọ kíláàsì kẹrin ni wọ́n gbé Tíṣà Láníyì wá sọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin kúkúrú kan báyìí, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga jù ú lọ. Ohun tó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni àpò ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn tíṣà mìíràn a máa fi ṣọ́ọ̀kì àti áńkáṣíìfù sí tiwọn, òkúta ló kún tirẹ̀. Á máa lọ lójú ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀, á ṣa òkúta, á yí i padà lójú oòrùn, á pọ́n ọn lá nígbà mìíràn. Àwọn obìnrin tó ń sá láfún a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ lọ sè é ni?"

"Ẹ̀yin ìyá mi, bó bá jinná, n ó bu díẹ̀ fún yín."

"Ẹ má bù fún wa o! Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín kọ́kọ́ tọ́ ọ wò!"

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀ kí wọ́n tó kórìíra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó gbé ìwé tí ìjọba fún un sókè. Òkè kan wà níbẹ̀ tó ń pọ iná jáde lẹ́nu, òmíràn sì wà tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Ó ní ta ló ti rí irú èyí rí. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó ní ta ló mọ àpáta ẹ̀yìnkùlé ilé ìwé. A bú sẹ́rìn-ín. Ó wá pa ìwé náà dé, ó ní, "Ẹni tó kọ ìwé yìí kò dé Ẹ̀rúwà rí. Ẹ dìde." Bó ṣe kó wa jáde nìyẹn. Ó fi hàn wá bí ara àpáta ṣe ń ṣí ní ìpele ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, ó ní oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó wa lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìkòkò, arúgbó kan tó ń mọ ìkòkò lápá ibi tí odò ti yà, màmá náà sì jẹ́ kí a fi ọwọ́ wa po amọ̀ wò, ó bú ẹni tó bá pò ó jù. Lẹ́yìn náà, ó wá sọ́dọ̀ bàbá mi.

Bàbá mi ń gbẹ́ kànga lọ́wọ́ ní àgbàlá kan lọ́jọ́ náà, ó ti jìn kọjá orí ènìyàn dáadáa. Bí ó ti gbójú sókè, tó rí Tíṣà pẹ̀lú gbogbo wa, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ní, "Tíṣà, a kì í ti òkè wo kànga. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá síbí." Ó rò pé ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sì kọjá lọ. Tíṣà Láníyì bọ́ bàtà, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó di okùn mú. Kíláàsì wa pariwo bí ẹni pé bọ́ọ̀lù wọlé. Ó pẹ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀, à ń gbọ́ ohùn òun àti bàbá mi tí wọ́n ń jiyàn nínú ihò. Nígbà tí a fà á jáde, ó pupa láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rì bọ epo. Ó kó erùpẹ̀ tó bù jáde ní oríṣiríṣi, ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú wa: ilẹ̀dú tó wà lókè, yangí tó tẹ̀ lé e, amọ̀ tó funfun bí ẹ̀kọ, àti òkúta jíjẹrà tí à ń fi ọwọ́ rún, tí nǹkan bíi dígí ń tàn nínú rẹ̀. Ó ní bí ilẹ̀ ṣe to ara rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú Tíṣà Láníyì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ agolo ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ní kí olúkúlùkù wa bu erùpẹ̀ láti oko bàbá rẹ̀ wá nínú agolo mílíìkì, kí a jọ wo bí ilẹ̀ Ẹ̀rúwà ṣe yàtọ̀ síra. Ó tò wọ́n sójú fèrèsé kíláàsì wa, ó lẹ ìwé pélébé mọ́ ara agolo kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ orúkọ olóko sí i. Ìdí rẹ̀ dára. Ó ní bí a bá fẹ́ mọ̀ nípa ilẹ̀ yìí, a ó mọ ẹni tí a ó lọ bá. Ó ní bí ìjọba bá gbé òun lọ síbòmíràn, tíṣà tó bá rọ́pò òun kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó mọ amọ̀, ẹni tó mọ yangí, ẹni tó mọ ibi tí omi wà. Á kàn yẹ ojú fèrèsé wò, á rí orúkọ, á lọ kan ilẹ̀kùn. Ẹ wò ó, láti ọjọ́ náà títí di òní, n kò tíì gbọ́ èrò tó dára ju èyí lọ lẹ́nu tíṣà kankan.

Ṣùgbọ́n ará ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni. Kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè ohun tí àwọn àgbà Ẹ̀rúwà máa ń rò bí wọ́n bá rí erùpẹ̀ ẹni àti orúkọ ẹni níbi kan náà.

Erùpẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ mi mú wá kò dára tó lójú mi. Gbogbo rẹ̀ pupa, pupa, pupa. Èmi ọmọ Bàbá Àlàó, kí n mú pupa wá bíi tiwọn? Mo mọ ibi tí èyí tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò wà: oko Bàbá Ọdẹ́wálé, bàbá ọdẹ kan tí iṣu rẹ̀ máa ń tóbi tó ọmọ ọwọ́. Mo gba ọ̀nà oko rẹ̀ lọ ní Sátidé, mo wọ àárín ebè, mo wá ibi tó rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bù. Àṣé bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ ni. Ó ti yípadà, ó dúró lẹ́yìn mi.

"Kí lò ń bù?"

"Erùpẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Gbogbo oko yìí, ibo lo ti ń bù ú?"

"Ibi tí ẹ tẹ̀ yìí ni, Bàbá. Ó rọ̀ níbẹ̀."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ló rán ọ?"

"Tíṣà wa ni."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Ó fẹ́ kọ orúkọ yín sí i lára ni, Bàbá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó dàgbà nígbà náà, ẹ bá mi ro bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dún létí bàbá ọdẹ. Ẹni ibi ló ń bu erùpẹ̀ ẹsẹ̀ ènìyàn, ẹni ibi ló ń pe orúkọ sí i. Ìyẹn ni gbogbo wa gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa kí a tó mọ̀ ọ́n rìn. Bàbá Ọdẹ́wálé di etí mi mú láti oko dé ìlú, kò fi sílẹ̀ àfi ìgbà tó fẹ́ pariwo. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ Bàbá Àlàó ti kó ẹsẹ̀ mi sínú agolo!" Kí á tó dé ilé, ogunlọ́gọ̀ ti tẹ̀ lé wa. Bàbá mi kò tilẹ̀ bèèrè ọ̀rọ̀. Ó nà mí níwájú wọn kí ara wọn lè balẹ̀ díẹ̀, inú sì ń bí mi sí ìyẹn di òní, nítorí iṣẹ́ ilé ìwé ni wọ́n rán mi, mo sì jẹ́ ẹ ju gbogbo ọmọ kíláàsì lọ.

Ní Mọ́ńdè, kí agogo tó lù, àwọn baálé ilé ti kún ọgbà ilé ìwé. Àwọn kan mú àdá lọ́wọ́ nítorí pé oko ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí wọn kò ní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Hẹ́dímáásítà wa, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń mì gbogbo ọgbà, kò rí ohùn náà lò lọ́jọ́ náà. Ó kàn ń nu ojú. Wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn agolo náà síta, kí wọ́n gbé èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi mọ́ ọn, kí ọmọ kan ka ohun tó wà lára wọn. Èmi ni mo mọ̀wé kà jù, èmi ni wọ́n tì síwájú. Mo kà á, mo kà á kedere, n kò kọsẹ̀. Bí mo bá ṣe ń kà á dáadáa tó ni ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́ sí i. Mo pe orúkọ kan, ẹni tó ni ín á kígbe, "Yéè!" Á fọwọ́ gbá àyà. Mo pe òmíràn, "Èmi náà? Kí ni mo ṣe fún un?" Bàbá kan tí a kò mú erùpẹ̀ oko rẹ̀ wá tún ń bínú pé kí ló dé tí òun kò sí níbẹ̀, ṣé òun kì í ṣe ènìyàn pàtàkì ni.

Wọ́n ní Tíṣà Láníyì kò gbọdọ̀ rí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ní Ẹ̀rúwà. Wọ́n ní bí kò bá lọ, àwọn á kó gbogbo ọmọ àwọn kúrò nílé ìwé. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ̀yin bàbá mi, kì í ṣe orúkọ ẹni tí mo fẹ́ ṣe níbi ni mo kọ. Orúkọ ẹni tí mo fẹ́ lọ bá ni."

"Láti lọ bá wọn ṣe kí ni?"

"Kí wọ́n wá kọ́ wa ní nǹkan ni, sà."

"Kí àgbẹ̀ wá kọ́ tíṣà? Owó oṣù tí ò ń gbà ńkọ́? Ṣé àwọn náà á wá máa gbà nínú rẹ̀?"

Ẹ̀rín fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n Bàbá Ọdẹ́wálé wò yíká, ẹ̀rín náà kú. Mo ti rí i pé wọ́n máa lé e, wọ́n sì máa sọ pé ẹnu mi ni ó ti wá.

Ìgbà náà ni bàbá mi jáde síwájú. Kò bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi kì í bẹ ènìyàn. Ó dúró láàárín wọn, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá Ọdẹ́wálé, ta ló gbẹ́ kànga yín?"

"Ìwọ ni."

"Erùpẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ dà?"

Bàbá mi fi ìka tọ́ka sí ara rẹ̀.

"Èmi ni mo kó o. Mo bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ilé yín, mo kó o dé ibi òkúta, mo fi ọmọlanke gbé e lọ. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bàbá Sùúrù, ta ló gbẹ́ tiyín? Bàbá Àdùkẹ́? Kò sí ilé tí n kò tíì kó abẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìlú yìí, mo sì mọ orúkọ gbogbo yín, mo mọ orúkọ àwọn ìyàwó yín mọ́ ọn. Bí erùpẹ̀ lásán bá ń pa ènìyàn, ta ni ì bá kù ní Ẹ̀rúwà? Agolo mílíìkì ni ẹ wá ń bẹ̀rù, ẹ kò bẹ̀rù èmi!"

Ìyá Ìkòkò, tó ti rọra dé sẹ́yìn wọn, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ńkọ́, tí mò ń fi ilẹ̀ yín se ọbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìtìjú. Bàbá Ọdẹ́wálé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fún òun ní agolo tòun. Wọ́n fún un. Ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó dúró, kò yíjú padà. "Tíṣà, bí o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ mi, wá bá mi lóko. Kí o bọ́ bàtà o."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Ìlú ti gbà. Ẹni tí a bu erùpẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pe Tíṣà wá sóko. Ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn baálé gbé àdá wọn, wọ́n lọ sóko.

Ní ọjọ́ kejì, hẹ́dímáásítà pe kíláàsì wa jáde. Ohùn rẹ̀ ti padà bọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ìdọ̀tí nílé ìwé òun mọ́, ó ní kí a kó gbogbo agolo náà lọ dà sínú kòtò tó wà lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́. Gbogbo rẹ̀: ilẹ̀dú, yangí, amọ̀ Ìyá Ìkòkò, òkúta dídán tí Tíṣà bù wá láti ìsàlẹ̀ kànga bàbá mi. Tíṣà Láníyì bá a sọ̀rọ̀ ní gẹ̀ẹ́sì, ó bá a sọ ọ́ ní Yorùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀ ẹ́. Hẹ́dímáásítà ní bí ìwé bá fi lè dé ọ̀dọ̀ ìjọba pé òun ń fi erùpẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ìlú, ta ni yóò gba òun? Àwa la fi ọwọ́ ara wa dà á nù. Mo rántí bí ó ṣe ń dún bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Tíṣà dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò, mo sì ń gbọ́ tí òkúta ń lu ara wọn níbẹ̀. Nígbà tí a wọlé lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n ti gbé e lọ. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n gbé e lọ fún wa.

Àwọn tí kò mọ̀wé bẹ̀rù fún ọjọ́ méjì, wọ́n sì gbọ́ àlàyé. Ẹni tó mọ̀wé ló da ẹ̀kọ́ wa sẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́. Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí.

Tíṣà tí wọ́n gbé rọ́pò rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì ya òkúta sára pátákó. Ó rí bí àkàrà. Ó ní kí a ya á sínú ìwé wa. Mo nawọ́, mo ní, "Tíṣà, ṣé a lè jáde lọ wo èyí tó wà níta?" Ó ní mo ya aláfojúdi. Ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ lójú oòrùn, kí n gbé ọwọ́ sókè. Orí yangí ló ní kí n kúnlẹ̀ sí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kà á sókè nínú ilé bí yangí ṣe rí, èmi ń fi orúnkún mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọdún náà parí, mo sọ fún bàbá mi pé n kò lọ mọ́. Kò nà mí. Ó na ọkọ́ sí mi ni. Mo sì ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ wọn tó ń gbẹ́ omi a máa dé láti Ìbàdàn, á hó, á lu ilẹ̀ ní ihò, kò ní kan omi, wọ́n á wá máa bèèrè ilé Àlàó.

Lóde òní, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ń sá láfún sí? Ẹ̀gbẹ́ títì ọlọ́dà ni, níbi tí mọ́tò ti ń tú èéfín sí i. Wọ́n ti ṣe ọgbà yí àpáta yẹn ká, wọ́n ní kó má baà ṣe àwọn ọmọ ní jàǹbá. Àwọn ọmọ tó ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án rí. Àbíkẹ́yìn mi, Bùsáyọ̀, ti ilé ìwé dé láìpẹ́ yìí, ó ń ka orúkọ òkúta bí ẹni ń kéwú, gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Mo mú un dé ẹ̀yìnkùlé, mo ní kó tọ́ka sí èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ mi wojú mi. Ó ní, "Dádì, èyí kọ́. Tinú ìwé ni wọ́n ń sọ."

Mo wọ aṣọ mi tó dára, mo lọ bá tíṣà rẹ̀. Mo ní mo mọ ilẹ̀ yìí, mo mọ ẹni tó mọ amọ̀, ọmọ-ọmọ Ìyá Ìkòkò ṣì ń mọ ọ́n, mo ní kó kó àwọn ọmọ wá, n kò gba kọ́bọ̀. Tíṣà náà, ọmọdékùnrin kan báyìí, ń wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní sátífíkéètì?" Mo ní mo ní kànga. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi nọ́ńbà fóònù mi sílẹ̀, àwọn á pè mí. Títí di òní, fóònù mi kò dún. Nígbà tiwa, àwọn àgbà ń bẹ̀rù pé erùpẹ̀ á pa àwọn. Nígbà tiwọn yìí, wọ́n ń bẹ̀rù pé á ba bàtà jẹ́. Àwọn àgbà yẹn, ó kéré tán, wọ́n mọ̀ pé erùpẹ̀ ní agbára.

Kànga kan wà tí mò ń gbẹ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Láńlátẹ̀. A ti kọjá yangí, a ti kọjá amọ̀, a máa kan akọ òkúta lọ́la, omi sì wà lábẹ́ rẹ̀, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún Bùsáyọ̀ pé kó má lọ sílé ìwé lọ́la, kó wá fojú ara rẹ̀ rí òkúta, mo sì ti ránṣẹ́ sí tíṣà rẹ̀ kó má baà máa wá a. Tíṣà náà dáhùn pé bí Bùsáyọ̀ kò bá wá, òun á nà án. Ó dára. Kó mú ẹgba rẹ̀, kó máa bọ̀ ní ojú ọ̀nà Láńlátẹ̀. Kó bọ́ bàtà lókè, okùn wà nílẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.